Èèkù Àdá

"Ẹ yí wọn padà jàre. Ojú àdá ni kí ẹ kọ sí kámẹ́rà, kì í ṣe èèkù."

Ọkùnrin tó gbé kámẹ́rà lé èjìká ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan fi bàtà ti àwọn àdá mẹ́ta tó wà lórí koríko káńsù, ó yí wọn títí ojú wọn fi ń kọ mànà nínú oòrùn. Lẹ́yìn àwọn àdá náà, ọmọkùnrin mẹ́ta wà lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn wọn, wọ́n sì fi okùn di ọwọ́ wọn sẹ́yìn.

Monílọ́lá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, búrẹ́dì lọ́wọ́ kan, àkàrà gbígbóná lọ́wọ́ kejì. Àwọn mẹ́ta yìí ló ra oúnjẹ náà fún.

Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń ṣe òun bẹ́ẹ̀. Ó tún wò ó. Ọláyídé ló wà láàárín, kò sí àṣìmọ̀ níbẹ̀. Àpá iná tó gbà níbi tó ti ń bá ìyá rẹ̀ yan gàrí hàn ketekete ní èjìká rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Samson àti Elisha, wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ọláyídé gbójú sókè, ó rí i, ó sì yára gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Adigunjalè nìwọ̀nyí, pẹ̀lú ohun ìjà wọn," ni ẹ̀ṣọ́ náà ń sọ fún kámẹ́rà. "Inú igbó Omifunfun la ti lọ kó wọn."

"Inú igbó wo?" Búrẹ́dì ti bọ́ lọ́wọ́ Monílọ́lá. "Ọ̀kadà ni wọ́n gùn wá síbí, ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n fi wọlé. Èmi ni mo pè wọ́n. Ìwọ tí ò ń fẹ àyà yìí, o mọ ọ̀nà Omifunfun? Bí wọ́n bá já ọ sílẹ̀ níbẹ̀, o ò ní í mọ ọ̀nà délé ìyá rẹ."

"Màdáámù, ẹ kúrò níwájú kámẹ́rà."

"N ò kúrò. Ẹ yà mí. Mo fọ ojú kí n tó jáde nílé."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń yí àwọn àdá náà padà níkọ̀ọ̀kan, èèkù sí ọ̀dọ̀ ilé káńsù, ojú sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tò wọ́n sílẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Ohun tó ń ṣe kò yé ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń wò ó, àyàfi àwọn mẹ́ta tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Elisha bú sẹ́kún. Kí Monílọ́lá tó kan ẹ̀kẹta, àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì ti gbá a lápá mú, wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀ bí àpò gàrí.

Ọ̀rọ̀ ìrẹsì ló fa gbogbo rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, tirélà kan ṣubú lójú títì márosẹ̀, kò jìnnà sí gáréèjì Òrè, ìrẹsì sì dà sílẹ̀ bẹẹrẹ. Ta ni kò gbé? Olùkọ́ gbé, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì gbé, ẹni tó ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú pàápàá fi gèlè di tirẹ̀. Gbogbo Òrè ló se ìrẹsì lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nínú rúkèrúdò yẹn, ẹnì kan la igi mọ́ ọmọ mọ́tò lórí, àwọn onítirélà sì fárígá pé àwọn gbọ́dọ̀ rí ẹni tí àwọn máa mú. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dà báyìí, àwọn ọmọ àlejò ló máa ń já lé lórí: àwọn tí bàbá wọn ti Ìwó àti Ẹdẹ wá gba ilẹ̀ dáko kòkó, tí wọn ò ní ẹ̀gbọ́n ní káńsù, tí wọn ò ní àbúrò ní tésàn ọlọ́pàá. Ọláyídé àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ìrẹsì bí gbogbo ayé. Wọn ò na ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ń dárúkọ àwọn, wọ́n sá wọ inú igbó kòkó Omifunfun lọ.

Iṣẹ́ Monílọ́lá ni láti pè wọ́n jáde, kí wọ́n wá bá àwọn onítirélà parí ìjà náà ní káńsù. Ẹ̀ka Ìtọ́jú Ọ̀dọ́ ti káńsù ló wà, nínú yàrá tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, níbi tó ti ń bá àwọn ọmọ tí ayé fẹ́ gbá lọ jókòó: èyí tó ń fa gọ́ọ̀mù símú, èyí tó ń fi ọ̀bẹ ṣeré ní gáréèjì, èyí tí ilé ti lé jáde. Kò kàwé débì kan. Káàdì fóònù ló ń tà ní gáréèjì nígbà tí Pius, olórí ẹ̀ka náà, rí i tó ń fi ẹnu lásán la àwọn géńdé méjì níjà. Pius rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Irú ẹnu yìí ni mò ń wá." Òun ló kọ́ ọ níṣẹ́. Òun ló sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá sọ nínú yàrá yẹn kò gbọdọ̀ gba ojú fèrèsé jáde. Monílọ́lá gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ ju bó ṣe gba ìwàásù gbọ́ lọ.

Nítorí náà, kí ó tó fi ohùn ránṣẹ́ sí fóònù ìyá Ọláyídé lórí Wọ́sáàpù, ó kọ́kọ́ mú un lọ bá Pius kí ó gbọ́ ọ.

Pius gbọ́ ọ dópin, ó mi orí. "Ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n ní kí wọ́n mú àdá wọn dání."

"Àdá kẹ̀, Ọ̀gá?"

Ó wá ṣàlàyé. Ọmọ Odigbo ni, ọmọ onílẹ̀. Ó ní bí àlejò bá ṣẹ bàbá òun, á gbé àdá rẹ̀ wá, á tẹ́ ẹ sílẹ̀, á kọ èèkù sí onílẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọwọ́ mi ṣófo, ọwọ́ yín ni mo wà. Bàbá òun á mú àdá náà, á dá a padà fún un, ìjà parí nìyẹn. "Ọmọ àlejò ni wọ́n, wọ́n á ti rí i níbi tí bàbá wọn ti ń ṣe é. Yóò wọ àwọn onítirélà lára."

Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú Monílọ́lá. Ó ní irú àgbà báyìí ló kù láyé. Ó padà sí yàrá rẹ̀, ó tún ohùn náà gbà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ àdá sí i.

Nísinsìnyí, ó ti ilẹ̀kùn Pius wọlé láìkànkùn.

"Jókòó, Monílọ́lá."

"Mi ò jókòó. Ẹ jáde lọ mú àdá wọn nílẹ̀, kí ẹ fà á lé wọn lọ́wọ́. Ẹ ní ohun tí bàbá yín máa ń ṣe nìyẹn."

"Ọmọ mi, fara balẹ̀. Wọ́n fẹ́ ti ẹ̀ka yìí pa. Wọ́n ní iṣẹ́ wa kò ju kí á máa bá ọmọ gáréèjì jẹ búrẹ́dì. Ní báyìí, a ti ní ohun tí a lè nàka sí."

"Kí ló dé tí ẹ fi ní kí wọ́n mú àdá wá?"

Pius bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó tún gbé e wọ̀. "Bí wọ́n bá wá lọ́wọ́ òfo," ó ní, "kí ni kámẹ́rà fẹ́ yà?"

Irọ́ ni Monílọ́lá ń retí. Ó ti tọ́jú èsì irọ́ sẹ́nu. Ìbá rọrùn fún un bó bá jẹ́ pé ọkùnrin yìí tiẹ̀ parọ́.

"Pius," ó pè é. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Ìwọ lo ṣe èyí. O fi bàbá rẹ tó ti kú dẹ pańpẹ́ mú ọmọ ọlọ́mọ."

Ojú ọkùnrin náà le. "Mo mọ̀ pé wọ́n á tú wọn sílẹ̀ tó bá yá. Ṣùgbọ́n ṣọ́ ẹnu rẹ níta o. Ohùn rẹ ni wọ́n gbọ́ kí wọ́n tó wá. Kò sẹ́ni tó gbọ́ tèmi."

Ní tésàn tí wọ́n kó àwọn ọmọ náà lọ, Monílọ́lá bá Toyibat, ìyá Ọláyídé, lórí bẹ́ńṣì, gálọ́ọ̀nù epo pupa kan láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Ọláyídé."

"Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́." Obìnrin náà fi ẹsẹ̀ ti gálọ́ọ̀nù síwájú díẹ̀. "Epo yín rèé. Ẹ̀yin ni mo gbé e bọ̀ wá fún láàárọ̀, kí n fi dúpẹ́. N kò lè gbé e padà."

Monílọ́lá lọ bá ọlọ́pàá tó wà lẹ́yìn káńtà. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ta ló pè wọ́n, ta ló ní kí wọ́n mú àdá dání. Ó ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó kọ orúkọ Pius sí i. Ọlọ́pàá náà ní ẹni tó máa kọ ọ́ ti lọ sílé, kí ó padà wá lọ́la. Monílọ́lá ní òun kò lọ síbì kankan. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí Ọláyídé.

Ọlọ́pàá wọlé lọ, ó jáde. "Ọmọ náà ní òun ò mọ̀ yín rí."

Monílọ́lá kúrò nídìí káńtà. Ó padà wá jókòó ti Toyibat.

Toyibat ti mú fóònù jáde. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sétí. Monílọ́lá gbọ́ ohùn ara rẹ̀, kékeré, bí ẹni tó wà nínú ìkòkò: *Ọláyídé, Àǹtí rẹ ni. Jáde wá. Mú àdá rẹ dání, kí o kọ èèkù sí wọn, bí bàbá rẹ ti ń ṣe. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn ọ́, mo wà níbẹ̀.* Ó parí. Toyibat tún tẹ̀ ẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á."

"Èmi ni mo gbọ́ ọ tí mo ní kí ó máa lọ," ni Toyibat wí. Kò pariwo. "Mò ń wá ibi tí irọ́ náà wà níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ títí, n kò rí i."

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Monílọ́lá náà tẹ́tí lé e, ó ń bá a wá a, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Ohùn náà rọ̀, ó dá ara rẹ̀ lójú, ó pe orúkọ ọmọ náà bí ìgbà tí wọ́n bá ń pe ọmọ wá jẹun. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ló wà nínú igbó kòkó yẹn, òun náà ìbá mú àdá, ìbá jáde wá.