Aṣọ Ọlidé tí Wẹ́dà Rán

Wẹ́dà ni mí. Irin ni mò ń jó mọ́ irin, ilẹ̀kùn, fèrèsé àti géètì, kò sì sí géètì tí mo ṣe tó tíì wó lu ẹnikẹ́ni. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ọkùnrin tí ojú rẹ̀ rí màbo lọ́wọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo.

Télọ̀ ni ìyàwó mi. Alámì ni àwọn oníbàárà ń pè é, torí pé gbogbo aṣọ tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ló máa ń rán àmì kékeré kan mọ́ lẹ́yìn ọrùn: àwòrán sísọ́ọ̀sì pupa lórí aṣọ funfun. Aṣọ tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kì í ní àmì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti sunkún rí nítorí àmì yẹn. Á yẹ iṣẹ́ wọn wò síwá sẹ́yìn, á dá a padà, á ní, "Tú u, kí o tún un rán."

Lọ́dún yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé létí òkun ní kí gbogbo wa wá lo ọlidé lọ́dọ̀ òun. Inú ìyàwó mi, Ìyá Ìbejì, dùn débi pé ó ra aṣọ kan tí wọ́n ya ọkọ̀ ojú omi, ẹyẹ òkun àti agboòrùn sí, ó ní ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni gbogbo wa máa wọ̀ débẹ̀. Ó rán ti àwọn ìbejì wa. Ó rán tèmi ní alápá gígùn, torí ó mọ̀ pé n kì í wọ alápá péńpé. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni iná ti ń ta sí mi lápá, àwọn àpá ibẹ̀ kò ṣe é wò, n kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò wọ́n. Ó wá ku tirẹ̀. Tirẹ̀ ló máa ń kù nígbà gbogbo. Aṣọ ọlidé gbogbo àdúgbò ni obìnrin yìí ń rán, aṣọ tó ti ṣá ni òun fúnra rẹ̀ ń wọ̀ jáde.

Kó tó mú sísọ́ọ̀sì ló yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì kán. Wọ́n fi POP bá a dì í ní ọsibítù, ó funfun, ó le gbagidi.

"Ẹ má da ara yín láàmú," ó ní. "Màá wọ aṣọ mi àtijọ́."

Bó ṣe sọ ọ́ ló dùn mí. Kò bínú, kò sunkún, ó kàn sọ ọ́ bíi pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ni mo bá fọwọ́ sọ̀yà.

"Èmi ni màá rán an."

Àwọn ìbejì kọ́kọ́ wo ara wọn kí wọ́n tó bú sẹ́rìn-ín. Ìyá wọn náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin? Bàbá Ìbejì, aṣọ ni o, kì í ṣe irin."

"Màá rán an, màá sì gba àmì sí i. Tí kò bá yẹ lóhun tó ń gba àmì, má wọ̀ ọ́."

Ó tẹjú mọ́ mi. "N ò ní ṣojúsàájú o. Ẹ mọ̀ mí."

Mo mọ̀ ọ́n. Ìyẹn gan-an ni mo ṣe fẹ́ ẹ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, mo jókòó sí tirẹ̀. Mo ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, kó má sì sọ̀rọ̀ àfi tí mo bá bi í. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n: àyà, ìbàdí, èjìká. Ní ti ká wọn nǹkan, ọwọ́ mi kì í ṣì. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, mo sì gé aṣọ náà lójú ìlà gẹ́lẹ́, kò yẹ̀ síhìn-ín, kò yẹ̀ sọ́hùn-ún. Ìyàwó mi la ẹnu, ó tún pa á dé. Mo rò pé iṣẹ́ mi ló yà á lẹ́nu.

Bí mo ṣe tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ ló ta kìjí, òwú sì lọ́ mọ́ra wọn lábẹ́ bí ìtẹ́ ẹyẹ. Mo tú u. Mo rán apá òsì mọ́ ọn, mo gbé e sókè, inú ló kọjú síta. Mo fi réésà tú u. Mo tún un rán, mo ti bọwọ́ bọ̀ ọ́ kí n tó rí i pé mo ti rán ẹnu rẹ̀ pa.

"Bàbá, ṣé àpò ni?" ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bi mí.

Mo ju sísọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀. Ìyàwó mi wò ó, ó wò mí.

"Sísọ́ọ̀sì mi kò ṣẹ̀ yín," ó ní.

Ó bí mi nínú torí òótọ́ ni. Mo he é, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó yá, aṣọ náà di aṣọ, ó ní ọrùn, ó ní apá méjì tí ọwọ́ lè gbà kọjá, ìyàwó mi sì rọra wọ̀ ọ́. Kò pa dé. Bọ́tìnì àti ihò rẹ̀ kàn ń wo ara wọn lókèèrè. Mo tún gbé téèpù, ìwọ̀n kò yí padà.

"Àbí o sanra mọ́jú òní ni?"

Ojú tó fi wò mí, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́.

"Ó dáa, sọ̀rọ̀," mo ní.

"Tí ẹ bá fẹ́ jó irin méjì pọ̀, báwo lẹ ṣe ń tò wọ́n?"

"Etí sí etí."

"Aṣọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ lé èkejì lórí kí abẹ́rẹ́ tó lè mú un. Gbogbo ibi tí ẹ ti rán an pọ̀ ló jẹ nínú aṣọ, ẹ ò sì fi nǹkan kan sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́ láti jẹ."

"O sì ń wò mí nígbà tí mò ń gé e!"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má sọ̀rọ̀."

Aṣọ ọlọ́kọ̀ ojú omi yẹn ti tán, kò sì sí irú rẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Mo jókòó, mo ń wo ẹ̀gbẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Tí géètì bá kéré sí ẹnu ọ̀nà, n kì í jù ú nù. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo máa ń fi kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Níbo ni kí n ti rí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́? Mo gbójú sókè, mo rí ṣẹ́ẹ̀tì tèmi níbi tí wọ́n gbé e kọ́, àwọn ọkọ̀ ojú omi tò dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

Mo gbé sísọ́ọ̀sì.

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?" Ìyàwó mi ti dìde. "Bàbá Ìbejì, ẹ kì í wọ alápá péńpé! Apá yín ńkọ́?"

"Mo mọ bí apá mi ṣe rí."

Mo gé apá ṣẹ́ẹ̀tì mi méjèèjì kúrò lókè ìgúnpá. Mo tú wọn, mo sì gé wọn ní tẹ́ẹ́rẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi àyè sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́ yíká. Mo tú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan kún un, mo yẹ̀ ẹ́ wò pé orí ọkọ̀ wà lókè, mo sì ń tẹ ẹ̀rọ náà jẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tí mo parí, ó fi ọwọ́ òsì gbé aṣọ náà lọ sídìí fèrèsé. Ó fìka tọ ojú ìrán bí èmi náà ṣe máa ń fìka tọ ojú ibi tí mo jó. Ó fà á, kò já. Ó wọ̀ ọ́, ó pa dé. Ó rìn lọ sídìí tábìlì, ó fa dúrọ́ọ̀, ó sì fi àmì kan sí mi látẹ́lẹwọ́.

"Ó tọ́ sí i," ó ní. "Ẹ rán an mọ́ ọn fúnra yín."

Orí mi wú. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà fún mi, mo sì gbé àmì tí kò tó àtàǹpàkò yẹn lé ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Mo rán an tán, mo wò ó dáadáa: sísọ́ọ̀sì dorí kodò. Mo nawọ́ sí réésà, ó gbá mi lọ́wọ́.

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ti rí i, màá mọ ẹni tó rán an."

Nígbà tí a dé ìlú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wá pàdé wa ní ibùdókọ̀. Ó dì mọ́ àbúrò rẹ̀, ó yí i po, ó sì fìka ṣí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ wò.

"Alámì, kí ló dé tí sísọ́ọ̀sì rẹ dorí kodò? Ta ló rán èyí?"

"Ọkọ mi ni," ìyàwó mi ní, ó sì sọ ọ́ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ fi bojú wẹ̀yìn.

Gbogbo wọn ń wò mí. Láti ilé ni mo ti gbá báàgì mọ́ra kó lè bo apá mi. Mo gbé e sílẹ̀.

"Èmi ni," mo ní, mo sì na apá méjèèjì, pẹ̀lú gbogbo àpá iná tó wà lára wọn, sí wọn kí wọ́n wò ó.