Dígí Ojú Ìran Kẹrin

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbé ìgò kékeré tó wà nínú omi tútù níbí?”

Ehoro wà lábẹ́ apá Moróunkẹ́. Ó ti fi táwẹ́lì wé e dé ọrùn bí ọmọ tuntun, orí nìkan ló yọ síta. Níwájú ilé, ní Agbowó, awakọ̀ ti ń tẹ fèrè ọkọ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn dígí ojú, Èkó ni wọ́n ti yá a, ọ̀sán yìí ló sì gbọ́dọ̀ padà.

Dígí ojú ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú. Bó ṣe nípọn tó lójú ìran ehoro mẹ́rin ni Moróunkẹ́ ń wọ̀n kó lè gba oyè kejì ní yunifásítì. Ó ti wọn funfun olójú pupa, ó ti wọn eléérú, ó ti wọn ti ìbílẹ̀. Ó ku dúdú tó dá àmùrè funfun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun kò sì bá a ṣàwàdà: “Mẹ́rin lo ní o máa wọ̀n. Tó bá jẹ́ mẹ́ta lo gbé wá, lọ máa sin ehoro tà.”

Àmọ́ orí ẹyinjú gan-an ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ náà lé. Láìkọ́kọ́ kán oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora sí i, ehoro wo ló máa gbà? Ìjọba ológun sì ti fún ọjà òkèèrè lọ́rùn. Láti Dùgbẹ̀ dé Òkè-Àdó ni Moróunkẹ́ wá oògùn yìí dé kó tó rí ìgò kan ṣoṣo.

“Ìgò wo? Èyí tí wọ́n ya ojú sí lára?” Ìyá Ìgbòho, ìyá ọkọ rẹ̀ tó wá kí wọn, jáde láti ilé ìdáná tẹ̀ríntẹ̀rín. “Ìyàwó mi, irú oògùn báyìí wà nílé, ẹ wá dákẹ́! Láti ìjẹta tí ìyàngbò ọkà ti kó sí mi lójú, mi ò gbádùn. Mo kán an sí i báyìí, wáí! Ìrora fò lọ. Bí mo bá ti ń gbúròó ẹ̀, mo tún kán an. Bàbá onílé ní ojú ń yún àwọn, mo kán an fún wọn. Ìyá Mùtíátù náà gbà níbẹ̀. Ohun tó bá dára, ṣé àá dá a jẹ ni?”

“Ẹ kán an fún gbogbo ilé?”

“Àní wọ́n ń ṣàdúrà fún ọ!”

Moróunkẹ́ jókòó gbì sórí àga, ehoro tà á nípàá nínú, kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ajíbóyè, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka wọn tó bá ẹ̀rọ wá, gba ìgò náà lọ́wọ́ ìyá, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó di ojú kan, ó sì figbe ta.

“Àǹtí, ó kù! Ó kù nísàlẹ̀! Ó tó í kán fún ehoro yìí!”

Moróunkẹ́ fò dìde bí ẹni tí wọ́n jí láàárín òkú. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì, wọ́n tẹ́ ehoro. Ìyá Ìgbòho sún mọ́ wọn kó lè wòran. Bó ti ń wò ó, ló ń fi etí ìró ra ojú òsì rẹ̀, ó ń ra á tagbáratagbára bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò.

“Ìyá, ẹ má ra ojú bẹ́ẹ̀!”

“Kò dùn mí. Láti àná ni mo ti ń ra á.”

Moróunkẹ́ gbé ehoro fún Ajíbóyè. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ìyá. Ìyàngbò náà ṣì há sábẹ́ ìpéǹpéjú. Ó ti ha dígí ojú yánnayànna, ibẹ̀ sì ti ṣú funfun bí omi ògì. Ìrora tí ì bá kígbe ni oògùn ti fún lẹ́nu pa.

“Ẹ fọwọ́ bo ojú ọ̀tún. Ìka mélòó lẹ rí?”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ìyá Ìgbòho díẹ̀díẹ̀. “Ìka? Mo rí ọwọ́. Ṣé ìka wà níbẹ̀ ni?”

Ajíbóyè rẹ ohùn sílẹ̀. “Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ wọn ehoro. Ohun tí ìyá ti ń gbé kiri láti ìjẹta, kí ni ìṣẹ́jú díẹ̀ fẹ́ bà jẹ́ níbẹ̀? Tí ẹ̀rọ yìí bá lọ, a ò mọ ìgbà tó tún máa wá o.”

Òótọ́ ló sọ. Moróunkẹ́ mú ìgò náà, ó dorí rẹ̀ kodò lókè ojú ehoro. Ẹ̀kán oògùn rọ̀ sẹ́nu ìgò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ìyá tún ń gòkè lọ sójú.

Ó dé ìgò náà padà.

“Ẹ gbé ẹ̀rọ yín sọ́kọ̀. Kí awakọ̀ já èmi àti ìyá sí ilé ìwòsàn ojú kẹ́ ẹ tó gba ọ̀nà Èkó.”

“Kí ni kí n wí fún Ọ̀jọ̀gbọ́n?”

“Ẹ ní mẹ́ta ni mo wọ̀n.”

Wọ́n jókòó tán nínú ọkọ̀ kí Ìyá Ìgbòho tó lanu. “Moróunkẹ́, ṣé èmi ni mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́?”

Moróunkẹ́ fa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé.

“Ó dáa, ẹ wọn tèmi mọ́ ọn kó pé mẹ́rin. Ìran Ìgbòho ni mí, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ajíbóyè bú sẹ́rìn-ín, ó wo iwájú, ó gbé e mì. Moróunkẹ́ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà kò sì dá nígbà tí ẹ̀rín tán. Ó kó ọwọ́ ìyá méjèèjì sínú tirẹ̀ kó má baà tún ra ojú, ó ní kí awakọ̀ máa lọ.