Fùkù Ìyàwó Alápatà

"Fùkù ta lẹ fẹ́ gé?"

Alápatà ti dìde kó tó mọ̀ pé òun dìde. Dókítà obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ ṣì na ìka sí fọ́tò inú àyà tí wọ́n gbé kọ́ iwájú iná mànàmáná, ẹ̀rín músẹ́ tó ń rín kò sì tíì kúrò létè rẹ̀.

"Ẹ má bínú, bàbá. Mo rò pé bí mo bá fi èdè iṣẹ́ yín sọ ọ́, á tètè yé yín ni. Ẹ̀dọ̀fóró ìyàwó yín náà ni mò ń wí. Ibi tó bàjẹ́ níbẹ̀ la fẹ́ gé kúrò lọ́la."

Bẹ́ẹ̀ ó ti yé e tẹ́lẹ̀! Láti ìjẹta ni wọ́n ti ń sọ ẹ̀dọ̀fóró sí i létí, tó ń mi orí, tó ń ní kí Ọlọ́run ti ọwọ́ wọn lẹ́yìn. Ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀rọ̀ ọsibítù ni, ó mọ́ tónítóní. Fùkù ńkọ́? Fùkù ni èyí tó ń fà yọ nínú màlúù láràárọ̀, tó ń fi kọ́ irin, tí eṣinṣin ń bà lé. Òun ló fi ń ṣe ènì fún oníbàárà aláriwo. Ibi tó bá ní àbààwọ́n lára rẹ̀, ajá ló ń jù ú fún. Ó tún wo fọ́tò náà, ó rí àmì funfun kan níbẹ̀ bí àbààwọ́n.

"Mi ò gbà mọ́! Mò ń gbé ìyàwó mi lọ sílé."

"Bàbá, tí a ò bá gé e, yóò ran ìyókù. Ìyàwó yín lè má rí ìparí ọdún."

Alápatà ti jáde. Ó kọrí sí yàrá tí ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí. Obìnrin náà ló ń ta ṣàkì, àbọ̀dí àti fùkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀. Aláwàdà ni gbogbo ọjà ń pè é.

"Olówó orí mi, kí ló dé tójú yín rí báyìí? Ṣé wọ́n ní mo ti kú ni?"

"Dókítà yẹn pe ẹ̀dọ̀fóró rẹ ní fùkù!"

Aláwàdà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀. Ó yára ká aṣọ ìnujú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti rí ẹ̀jẹ̀.

"Kí ni ì bá pè é? Látọjọ́ tá a ti ń tà á, ṣé ẹ ò mọ̀ pé àwa náà ní in ni?"

"Mi ò ro ibẹ̀ rí. Bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ inú ẹ̀, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí, Aláwàdà."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àmọ́ èyí tẹ́ ẹ bá rí àbààwọ́n lára ẹ̀, ṣé gbogbo ẹ̀ lẹ máa ń jù nù? Ṣebí ẹ máa ń gé ibẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ tó gbé ìyókù fún mi."

Alápatà fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó jókòó tì í títí tó fi sùn lọ, ó wá padà lọ kan ilẹ̀kùn dókítà.

"Ẹ gé e," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, dókítà. Ẹ̀dọ̀fóró èèyàn ni o. Èyí tẹ́ ẹ bá gé kúrò, ẹ má jù ú síta. Ajá pọ̀ níta."