Ẹsẹ̀ Tútù ní Pálọ̀ Àlàájì

Inú Kúlúsúmù dùn lọ́jọ́ náà débi pé iyọ̀ ló bù sínú tíì. Lásúnkànmí, oníṣẹ́ iná tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ti wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Àlàájì Àbúbákárì, nílé wọn ní Ìbàfò. Kí Àlàájì ṣáà ti gbà, ijó ló kù.

Ọmọkùnrin náà dára, àmọ́ ó lẹ́nu. Bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iná wà lára wáyà, ẹ̀yìn ìka ló fi ń ta á pẹ́, á sì máa fọ́nnu pé iná mọ òun. Irọ́ ńlá! Bàtà rọ́bà ló ń wọ̀, ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbẹ, kì í sì í pẹ́ lára wáyà. Ìwọ̀nba iná tó ń ráyè gba ara rẹ̀ kọjá kò tó nǹkan.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlùwàlá tán láti kírun Àsàrì ni Àlàájì ṣàròyé pé sọ́kẹ́ẹ̀tì fáànù ti bàjẹ́. Lásúnkànmí fò dìde. Ó ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà nítorí ọ̀wọ̀ àna, omi sì ń kán lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ẹ wo bí iná ṣe ń bẹ̀rù mi!"

Ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó fa wáyà jáde. Kàkà kó ta á pẹ́, ó fi ìka méjì dì í mú, kí ẹnu lè ya Àlàájì. Ọwọ́ náà wá lẹ̀ mọ́ wáyà, kò ṣeé tú. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

Àlàájì sáré láti fà á. Kúlúsúmù ti bàbá tó bí i lọ́mọ sórí àga gbàgà.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Á mú ẹ̀yin náà!"

Ó fò mọ́ suwíìṣì àgbà lára ògiri, ó fà á wálẹ̀, iná sì kú. Lásúnkànmí ṣubú, ó dojú bolẹ̀ gbalaja níwájú Àlàájì.

"Kúlú," ó ní látilẹ̀, "kí ló ṣe mí?"

Kúlúsúmù ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Omi lẹ́sẹ̀, o tún dì í mú! Ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i, òkú ẹ là bá gbé. Ọsibítù ló kàn, kí wọ́n yẹ ọkàn ẹ wò."

Ìgbà náà ló rántí ẹni tó tì. Ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Àlàájì wò ó, ó wo ẹni tó nà sílẹ̀, ẹ̀rín sì gbé e títí fìlà fi já bọ́ lórí rẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

"Dìde, àna mi," ó ní. "Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ti tó."