Láptọ́ọ̀pù Orí Tìmùtìmù

Kí àwọn ará ilé tó ròyìn rẹ̀ fún yín, kí wọ́n sì fi iyọ̀ sí i, ẹ jẹ́ ká tètè sọ ọ́: Ìyá Àgbà Bàríkísù ló fọwọ́ ara rẹ̀ fún láptọ́ọ̀pù ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. Kì í ṣe ìkà. Ìfẹ́ ni, àti ọ̀wọ̀, pẹ̀lú àìmọ̀kan tó fẹ̀ ju Ọjà-Ọba lọ.

Raudah, ọmọ ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Gàmbàrí, wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì. Inú láptọ́ọ̀pù yẹn ni iṣẹ́ ìwádìí tó fẹ́ fi jáde wà. Àárọ̀ ọjọ́ Àtìní ni olùkọ́ rẹ̀ ní òun yóò ti ìlẹ̀kùn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tíì dé ọwọ́ òun, ó di ọdún mìíràn.

Kó tó di pé wàhálà bẹ̀rẹ̀, Raudah ń gbá ilé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù máa ké Súrátù Yásín sí òun létí. Ìyá Àgbà tẹ̀lé ohùn náà dé yàrá. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ti bá ẹ̀rọ ọ̀hún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sálúbàtà.

"Sùbúhánàllàhi! Raudah! O gbé Àlùkùránì ti bàtà?"

"Ìyá Àgbà, láptọ́ọ̀pù ni."

"Ibo wá ni ohùn yẹn ti ń jáde? Inú ikùn mi ni? Ohun tí Àlùkùránì bá ti wọ inú rẹ̀, kì í tún ṣe ẹgbẹ́ sálúbàtà mọ́."

Raudah gbé e kúrò nílẹ̀ kíá. Àṣà ilé nìyẹn: a kì í gbé Àlùkùránì sílẹ̀ lásán. Ìyá Àgbà yọ̀ǹda tìmùtìmù aláwọ rẹ̀, èyí tí òwú inú rẹ̀ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ológbò ilé kì í fẹ́ kúrò lórí rẹ̀. Kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ti ta aṣọ pẹ́ kó tó jókòó sílé, èérún àrán pupa ṣì wà nínú àpótí rẹ̀. Ó gé e, ó rán an, ó fi bo ikùn àti ìhà láptọ́ọ̀pù náà pinpin, ó ku ojú àti ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ bí àlíkíńbà tí ìyàwó ń gbé borí aṣọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni láptọ́ọ̀pù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Raudah á máa kọ̀wé lọ, ojú ẹ̀rọ á kàn ṣú lójijì, kò ní dágbére. Bó bá tún un tàn, á jí. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún kú. Wọ́n yí ihò iná padà, kò gbọ́. Wọ́n yá ṣájà Hamidat, ará ilé kejì, kò gbọ́.

"Ojú ni," ni Ìyá Àgbà wí. "Wọ́n ti rí i pé ọmọ mi fẹ́ jáde ní yunifásítì." Ó tẹ̀ síwájú, ó ka Àyátúlì Kúrúsìyù, ó sì fẹ́ ẹ sí ẹ̀rọ náà lójú. Ẹ ò rí i, eyín iwájú rẹ̀ ti lọ, ohun tó jáde kì í ṣe atẹ́gùn nìkan.

"Ìyá Àgbà! Itọ́ yín ti wọ ibi tí mo ń tẹ̀!"

"Itọ́ àdúà ni. Má nù ún."

Raudah gbé e lọ sọ́dọ̀ Abdulfattah, ọmọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà-Ọba. Abdulfattah bọ́ àrán kúrò kó má baà dọ̀tí, ó gbé ẹ̀rọ ka orí tábìlì onípákó, ó tàn án. Láti ìrun Àyìlá títí di Àláásárì, láptọ́ọ̀pù kò ṣẹ́jú.

"Raudah, kò sí nǹkan tó ṣe é."

Wọ́n wọ àrán fún un padà, ó délé, wọ́n gbé e gun orí tìmùtìmù. Omi tíì tí Ìyá Àgbà gbé kaná kò tíì hó tí ẹ̀rọ fi kú.

Nígbà tí wọ́n máa gbé e padà lọ, Ìyá Àgbà ní òun ń bá a lọ. Ó dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bí Abdulfattah ṣe tún bọ́ àrán, tó sì tan ẹ̀rọ lórí tábìlì.

"Abdulfattah, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé o ò yọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀?"

"Ìyá wa, wọlahi, mi ò yọ nǹkan kan. Ẹ wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó jọ pé ilé yín ni kò fẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìyá Àgbà. Ilé tí wọ́n ti ń kéwú látìgbà baba ọkọ rẹ̀! Ó wọ àrán fún ẹ̀rọ padà, ó gbá a mọ́ra títí dé Gàmbàrí.

Ọjọ́ Àtìní wá ku ọ̀la, orí tó kẹ́yìn iṣẹ́ náà kò sì tíì parí. Raudah jókòó, ó kọ ojú ìwé kan, ẹ̀rọ kú. Ọmọ náà gbé e kúrò lórí tìmùtìmù, ó gbé e lé orí ibùsùn, ó sì bú sẹ́kún. Ìyá Àgbà fẹ́ jókòó tì í kó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó wá fi gbogbo ara jókòó lé tìmùtìmù.

"Yéè! Ta ló dáná sábẹ́ mi?" Ó fò sókè, ó di ìdí mú lọ́wọ́ méjèèjì. "Raudah, wá wò ó, ìdí mi ti jinná!"

Ẹkún dá lójú Raudah. Ó fọwọ́ kan tìmùtìmù. Ó fọwọ́ kan ikùn láptọ́ọ̀pù, ó yára fà á padà. Ó bọ́ àrán sọ nù, ó yí ẹ̀rọ dojú bolẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ẹ wo àwọn ihò yìí. Ibi tó ti ń mí nìyí. Fáànù wà nínú ẹ̀, abẹ́ ló ti ń fa atẹ́gùn. Tí kò bá rí atẹ́gùn, ooru á mú un, á wá pa ara ẹ̀ kó má baà jóná. Tábìlì Abdulfattah le, ihò náà ń ríbi mí níbẹ̀."

Ìyá Àgbà wo àwọn ihò náà. Ó wo àrán. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn rẹ̀ wá, ó mì í títí gèlè fi tú.

"Èmi Bàríkísù! Ooru ń mú ẹni ẹlẹ́ni, mo wọ ẹ̀wù òtútù fún un! Mo gbé e jókòó sórí òwú! Mo wá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, imú rẹ̀ wà ní ìdí!"

"Ó yá, ẹ jẹ́ kí n gbé e sílẹ̀ kí n máa bá iṣẹ́ lọ."

"Ilẹ̀ẹ́lẹ̀? Kò ṣẹlẹ̀."

"Ìyá Àgbà! Ọ̀la ni Àtìní o!"

Arúgbó ti wọ yàrá. Ó gbé pákó tí wọ́n ń gbé Àlùkùránì lé bí wọ́n bá ń kéwú jáde, èyí tó máa ń la ẹsẹ̀ bí àlùmọ́gàjí. Wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù lé e ní ìhòòhò. Ikùn rẹ̀ wà lófuurufú, ọ̀wọ̀ rẹ̀ sì pé.

Raudah kọ̀wé. Nígbà tí ojú ẹ̀rọ ṣú díẹ̀, Ìyá Àgbà ju tẹ̀sùbáà nù, ṣùgbọ́n Raudah ní ó kàn ń sinmi ni. Ó fọwọ́ kàn án, ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Màgàríbì, iṣẹ́ ti lọ, olùkọ́ sì ti dáhùn pé òun ti rí i gbà. "Àlùhámúdù lílàhi," ni Ìyá Àgbà wí, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ìdí kan jókòó.

Raudah pe Abdulfattah, ó gbé ohùn fóònù sókè kí Ìyá Àgbà lè gbọ́. Ó ní ooru ni sàbàbí rẹ̀, Ìyá Àgbà ló sì kọ́kọ́ mọ̀.

"Ìyá wa?" ni Abdulfattah wí. "Èmi tí mo ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru níbí, mi ò mọ̀. Kí ni Ìyá wa fi wọn tiwọn?"