Ẹrù Àbọ̀ Dolfina

"Ẹ dúró ná! Ẹ má tíì kó o sókè!" Dolfina bẹ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Àwọn alábàárù oko adìẹ tó wà ní Tarlac sọ àpò ìgbẹ́ adìẹ èjìká wọn kalẹ̀, wọ́n ń wò ó.

Ó ti já kábéèjì sí Manila láàárọ̀, ọkọ̀ ti ṣófo, Buguias tó ń padà sí lórí òkè sì jìnnà. Kò sí awakọ̀ tí orí rẹ̀ pé tó máa fi òfìfo sun dísẹ́lì gun òkè yẹn. Ẹrù àbọ̀ ni èrè wà. Ìgbẹ́ yìí gan-an sì làwọn àgbẹ̀ ilé rẹ̀ ń retí, torí ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ gbin létúùsì mìíràn. Àmọ́ Ìyáàfin Lagman, oníbàárà rẹ̀ tó ń kó létúùsì fáwọn òtẹ́ẹ̀lì, ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é pé òun ń fẹ́ létúùsì lọ́túnla. Obìnrin yẹn kì í fojú yẹ ọjà wò, imú ló ń lò.

Kadio, awakọ̀ Buguias bíi tirẹ̀ tó yà síbẹ̀ kí i, fara ti ọkọ̀ tiẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kó o, kẹ́ ẹ fọ ọkọ̀ lódò jàre! Ṣé létúùsì ló máa fẹjọ́ yín sùn ni?"

"Ìwọ tó o fọ tìẹ lọ́jọ́sí ńkọ́? Ṣé wọn ò torí òórùn dá gbogbo ọjà ẹ padà fún ẹ?"

"Ẹ má rán mi létí o! Èmi ò gbé ìgbẹ́ mọ́ láéláé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló la Dolfina lójú. Ó fa fóònù yọ, ó pe Ìyáàfin Lagman. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Létúùsì yín ń bọ̀ lọ́túnla, àmọ́ kì í ṣe ọkọ̀ mi ló máa gbé e. Ìgbẹ́ adìẹ ni mo fẹ́ kó báyìí. Ọkọ̀ Kadio mọ́ tónítóní, òun ni mo máa rán."

"Tí iṣẹ́ Kadio bá wá tẹ́ mi lọ́rùn ju tìẹ lọ ńkọ́?"

Ojú Dolfina rí màbo kó tó rí oníbàárà yìí. "Ẹ máa pe Kadio nìyẹn, mà. Àmọ́ àwọn tó ń gbin létúùsì yín ló ń retí ìgbẹ́ yìí. Tí mi ò bá gbé e dé, kí ni Kadio fẹ́ rí gbé wá?"

Ìyáàfin Lagman pa fóònù láìsọ pé ó dáa tàbí kò dáa.

Ẹnu Kadio là sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé oníbàárà yín lé mi lọ́wọ́?"

"Létúùsì ni mo gbé lé ẹ lọ́wọ́. Tó o bá fi pẹ́ débẹ̀, èmi pẹ̀lú ẹ ni o."

Kadio wá ìgbálẹ̀, ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀.

"Ẹ̀yin ọkùnrin, kí lẹ tún ń wò?" Dolfina ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ tirẹ̀ gbayawu. "Ẹ máa kó o. Wọ́n ń retí wa lókè."