Àwọn Ọmọ Ìdófin Tó Dọ̀bálẹ̀

Nígbà tí ogun Bìáfírà ń jà lọ́hùn-ún, tí gbogbo èèyàn ń tẹ́tí sí rédíò, ogun tí Wàhábì télọ̀ ń jà ní tirẹ̀ ni pé àdúgbò Pàkò fẹ́ ba òun lọ́mọ jẹ́. Ẹ gbọ́ ná. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, Ìbílọlá, Pàkò ní Ìgbó-Ọrà níbí ni wọ́n sì bí i sí. Láti ọjọ́ tí ọmọkùnrin kan ti dúró ṣánṣán níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ìrèké wà lẹ́nu, tó ní, "Télọ̀, ẹ káàárọ̀," tí kò tẹ orúnkún rárá, Wàhábì ò sinmi mọ́. Ó ní ibi tí ọmọdé bá ti ń kí àgbà lórí ìdúró, wọn kì í tọ́ ọmọ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ á rò pé ní Ayétẹ̀, níbi tí wọ́n bí òun alára sí, inú oyún ni ọmọ ti ń dọ̀bálẹ̀.

Alaalẹ́, bó bá ti fọwọ́ kan ọkà báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi téèpù wọn ìlú oníìlú. Ìdèrè ńkọ́? Rárá o, sobìà wà nínú omi wọn, òun ò lè kó ọmọ lọ síbi tí yóò ti máa tiro. Èrúwà ńkọ́? Akọ̀wé ni gbogbo wọn níbẹ̀, ọmọ tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń nu imú á ti fi bírò há etí. Ìbẹ̀rẹ̀kòdó tó wà nítòsí wa yìí ńkọ́? Ìbejì ti pọ̀ jù níbẹ̀, èèyàn á na Táíwò tán, á wá gbọ́ pé Kẹ́hìndé ló jẹ̀bi. Ayétẹ̀ wá ńkọ́? Ibẹ̀ ló máa ń dákẹ́ sí, torí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń retí kó wá bá àwọn ro oko.

Mùnírátù ìyàwó rẹ̀ á máa gbọ́, á máa kó abọ́. Inú rẹ̀ ò dùn sí ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìyá rẹ̀, Àmọ̀kẹ́, ń gbé ní ilé kejì sí tiwọn, ojú ìyá náà sì ti fọ́ tán. Mùnírátù ló ń gbé ẹ̀kọ lọ fún un láàárọ̀, òun náà ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Bí wọ́n bá kó kúrò ní Pàkò, ta ni yóò máa fà á lọ́wọ́? Ó bi ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wàhábì ní, "Ọ̀rọ̀ ọmọ là ń sọ, o ń sọ ọ̀rọ̀ ìyá." Ó dùn ún wọra, àmọ́ ó gbé e mì.

Nírọ̀lẹ́ Àlàmísì kan, Wàhábì gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan ní Ìdófin, àdúgbò mìíràn nínú ìlú wa yìí. Nígbà tó dé, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Mùnírátù, mo ti rí i."

"Kí lẹ rí, Bàbá Ìbílọlá?"

"Ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ. Ẹ̀yìn ilé Akínladé tó ni aṣọ tí mo gbé lọ ni mo gbà kọjá. Bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe rí mi lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú koríko. Wọn ò sì mọ̀ mí rí o. Mo ní kí wọ́n dìde, wọn ò dìde. Ọ̀kan wà lẹ́yìn pátápátá, ó fi gbogbo ojú bolẹ̀, kò gbórí sókè títí mo fi súre fún wọn tán tí mo sì kọjá. Ẹni tó bí ìyẹn bímọ. Bí mo bá rí òbí rẹ̀, èmi gan-an á dọ̀bálẹ̀ kí i."

Kò tíì mí kanlẹ̀ tó fi ní òun ti bá Akínladé sọ ọ́, ó ní yàrá méjì tó ṣófo, Sátidé ni àwọn ń kó lọ. Mùnírátù ò lè jẹun mọ́. Ó lọ jókòó ti ìyá rẹ̀, kò sì mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ fún un.

Lọ́jọ́ kejì ló pe Ìbílọlá kó wá tú irun rẹ̀ fún un. Ìyàrun kọ̀, kò lọ. Èèmọ́ ló kún inú irun náà, yanrìn wà létí ọmọ. Ibi gbogbo tó yí ilé wọn ká ni wọ́n ń gbá mọ́ féfé, èèmọ́ kankan ò sí níbẹ̀.

"Níbo lo ti kó èèmọ́?"

Mùnírátù fa irun náà díẹ̀, ọ̀rọ̀ sì jáde. Ìbílọlá kì í lọ sílé kéú lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ mọ́, Ìdófin ló ń lọ. Sójà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, òun sì ni ọ̀gá wọn.

"Bàbá ló yọ lójijì," ó ní, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ní, 'Ẹ dọ̀bálẹ̀, ọ̀tá ń bọ̀.' Ni wọ́n bá dọ̀bálẹ̀. Èmi fi ojú pamọ́ sínú koríko kí wọ́n má baà dá mi mọ̀."

Mùnírátù gbé ọwọ́ sókè láti fọ́ ọ létí, ẹ̀rín ni kò jẹ́ kí ọwọ́ náà balẹ̀. Ó ní kó pa ẹnu mọ́ di Sátidé.

Sátidé dé. Akínladé wá pẹ̀lú Búrẹ́mọ̀ ọlọ́mọlanke láti bá wọn kó ẹrù. Àwọn aládùúgbò náà péjọ, wọ́n ń wo àwọn tí Pàkò ò tó mọ́. Wàhábì rí èrò, ó tún tú ìtàn náà palẹ̀, ó ní kí Akínladé jọ̀ọ́ bá òun wá òbí ọmọ tó fojú bolẹ̀ yẹn.

Mùnírátù sọ agbada gàrí tó gbé lọ́wọ́ kalẹ̀. Ó lọ jókòó sórí àga gbọọrọ níwájú ilé, ó tẹ́ ìró rẹ̀ dáadáa, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Òbí rẹ̀ nìyí," ó ní. "Ẹ máa kí mi, Bàbá Ìbílọlá."

Ó pe ọmọ rẹ̀ jáde, ọmọ sì ka gbogbo rẹ̀ láti orí ilé kéú títí dé orí ọ̀tá tó ń bọ̀. Búrẹ́mọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú ọmọlanke rẹ̀. Akínladé kàn ń mi orí.

"Mo ti ń rò ó," ó ní. "Ìdófin ni wọ́n bí mi sí, ọmọ kankan ò dọ̀bálẹ̀ fún mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo ṣe bí aṣọ ọrùn yín ni."

Wàhábì ò kúkú dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Òun fúnra rẹ̀ ló kó ẹrù padà sínú ilé, kò sì sẹ́ni tó tún gbọ́ Ìdófin lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ìbílọlá ní tirẹ̀ jẹgba nílé kéú, ó sì tọ́ sí i.

Àmọ́ àwọn ọmọ Pàkò ti gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bí Wàhábì bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹnìkan á pariwo, "Ẹ dọ̀bálẹ̀," gbogbo wọn á sì nà gbalaja sílẹ̀, títí kan ọmọkùnrin onírèké ọjọ́sí. Kí ni ọkùnrin náà fẹ́ wí? Ohun tó bèèrè náà nìyẹn. Á ní, "Ẹ ó dàgbà," á sì yára kọjá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mùnírátù ń fún ìyá rẹ̀ lẹ́kọ nígbà tí ariwo náà sọ níta. Ìyá náà tẹ́tí.

"Ta ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Bàbá Ìbílọlá ni, Màmá. Ojoojúmọ́ ni."

"Lójoojúmọ́?" Ìyá náà gbé ẹ̀kọ mì. "Àwọn ọmọ àdúgbò yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o. Kí ọkọ rẹ má kó ọ kúrò níbí láé."